Oríkèé Páìpù Omi Inú Agbo Ilé: Èwo Ni Kí A Lẹ̀, Èwo Ni Kí Ó Ṣeé Tú?

Ẹ̀kọ́ tí a mú wá fún yín ní oṣù mẹ́ta yìí kì í ṣe lórí ìwé akápò, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe lórí èlé. Orí páìpù omi ni. Ẹni tí ó bá ń bi ara rẹ̀ pé kí ni ó pa alábòójútó ẹgbẹ́ àti iṣẹ́ pulọ́mbà pọ̀, kí ó jọ̀wọ́ fara balẹ̀. Owó tí ẹgbẹ́ yá ọmọ ẹgbẹ́ kì í parí sí inú ìwé. A ti rí èyí tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ parí sí oríkèé páìpù kan ṣoṣo ní Òjé.

Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe lọ nìyí. Ìdílé mẹ́fà nínú agbo ilé kan, tí ó jẹ́ pé ọmọ ẹgbẹ́ kan náà ni gbogbo wọn, pinnu láti fa omi wọ inú ilé. Bọ́ọ̀hóòlù kan wà ní ẹnu ọ̀nà agbo ilé náà, wọ́n sì ti gbé táńkì 2,000 lítà lé orí òpó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ohun tí ó kù ni páìpù tí yóò gbé omi láti abẹ́ táńkì lọ sí ẹ̀yìn agbo ilé, nǹkan bí 60 mítà, kí ìdílé kọ̀ọ̀kan lè ní ẹnu ẹ̀rọ tirẹ̀. Wọ́n yá owó lọ́wọ́ ẹgbẹ́, wọ́n sì ṣe onídùúró fún ara wọn. Àwa gan-an ni a lọ ṣe àbẹ̀wò nígbà tí iṣẹ́ parí. A rí páìpù, a rí omi tí ń tú jáde, a rí rìsíìtì, a sì fọwọ́ sí ìwé. A kò béèrè ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo nípa oríkèé.

Oṣù mẹ́wàá kò tíì pé tí ọwọ́ fáàfù ńlá tí ó wà ní ìdí táńkì fi kán. Fáàfù ni ohun tí a fi ń ṣí omi tí a sì fi ń tì í. Ohun kékeré ni ó yẹ kí ó jẹ́, nítorí fáàfù tuntun kò wọ́n tó bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n gọ́ọ̀mù ni pulọ́mbà fi lẹ fáàfù náà mọ́ páìpù lọ́tùn-ún lósì, ó sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ìdí táńkì tímọ́tímọ́. Kò sí ibi tí a lè ti tú u. Wọ́n da omi inú táńkì nù, wọ́n fi ayùn irin gé páìpù, ìyókù tí ó jáde lára táńkì sì kúrú débi pé kò lè gba sọ́kẹ́ẹ̀tì mọ́. Nígbà tí wọ́n fi agbára yí ẹnu táńkì fúnra rẹ̀, ó ya. Ọjọ́ kejì ni ọjọ́ ọjà òfì. Àlejò láti Ìsẹ́yìn ti dé sínú ilé pẹ̀lú ẹrù aṣọ wọn, kò sì sí omi tí wọn yóò fi wẹ ẹsẹ̀.

Ìyá àgbà kan tí wọ́n ń ta òfì nínú agbo ilé náà wí fún wa pé: “Ẹ wò ó, ọ̀gá, oṣooṣù ni mò ń san owó ẹgbẹ́ o, n kò jẹ ẹ́ rí. Ṣé owó páìpù gbígbẹ ni kí n máa san báyìí?” A kò rí èsì fún wọn. Ìpàdé mẹ́ta ni ẹgbẹ́ ṣe lórí ẹni tí yóò san owó àtúnṣe. Àwọn kan ní kí ẹni tí ilé rẹ̀ sún mọ́ táńkì san án. Onídùúró kan ní kí wọ́n yọ orúkọ òun kúrò, a sì ní láti ṣàlàyé fún un pé onídùúró kì í yọ ara rẹ̀ bẹ́ẹ̀ nígbà tí gbèsè ṣì wà nílẹ̀. Bí ìjà ti wọ inú ẹgbẹ́ nìyẹn nítorí ohun tí a lè fi sípánà méjì yanjú láàárín wákàtí kan, bí wọ́n bá ti ṣe é dáadáa láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ohun tí a kọ́ níbẹ̀ ni pé kí á tó béèrè iye tí páìpù jẹ́, ìbéèrè kan wà tí ó ṣáájú: oríkèé yìí, ṣé a óò tú u lọ́jọ́ kan? Bí a kò bá ní tú u, ọ̀nà tí a ń gbà so ó wà. Bí a óò bá tú u, ọ̀nà mìíràn ni. Ẹni tí ó bá lo ọ̀kan níbi tí èkejì yẹ, yálà kí ó máa jò fún un, tàbí kí ó fi ayùn gé owó ara rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí á bẹ̀rẹ̀ láti orí èyí tí àwọn bàbá wa mọ̀. Ní ọdún 1942 ni wọ́n ṣe ìsédò Eléyẹlé lórí odò Ọ̀nà kí omi ẹ̀rọ lè tó ará Ìbàdàn. Páìpù irin tí wọ́n fi síǹkì bò ni a mọ̀ nínú ilé fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn ìgbà náà. Páìpù irin kì í gba gọ́ọ̀mù. Ńṣe ni wọ́n ń fi ẹ̀rọ gé ìlà sí ẹnu rẹ̀ yíká, gẹ́gẹ́ bí èyí tí ó wà lọ́rùn ìgò onídèérí, tí wọn yóò sì yí i wọ inú sọ́kẹ́ẹ̀tì. Tírẹ́ẹ̀dì ni àwọn oníṣẹ́ ń pe ìlà náà. Lára páìpù onídajì íńṣì, ìlà 14 ni ó wà nínú gígùn íńṣì kan. Òṣùwọ̀n yìí ti pẹ́. Ní ọdún 1841 ni Joseph Whitworth, onímọ̀ ẹ̀rọ ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, dábàá pé kí gbogbo ilé iṣẹ́ máa gé irú ìlà kan náà, kí ẹ̀gbẹ́ ìlà kan àti èkejì sì ṣe igun ìwọ̀n 55. Ìlà ti Amẹ́ríkà jẹ́ igun ìwọ̀n 60, bẹ́ẹ̀ 14 nínú íńṣì kan náà ni tiwọn lára páìpù onídajì íńṣì. Nítorí náà, bí ọmọ yín bá fi ẹnu ẹ̀rọ tí ń dán gbinrin ránṣẹ́ láti Amẹ́ríkà, yóò wọ páìpù ilé yín ní yíyí mélòó kan, inú yín yóò dùn, lẹ́yìn náà ni yóò há, tí yóò sì máa jò. Ẹ má ṣe bá pulọ́mbà jà. Irú ìlà méjì ni wọ́n.

Ìlà nìkan kì í dá omi dúró, ó gbọ́dọ̀ ní ohun tí yóò dí àlàfo. Tépù funfun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni ọ̀pọ̀ ń lò nísinsìnyí. Ẹ ká a ní ìgbà 4 tàbí 5, kí ẹ sì ká a sí ọ̀nà tí sọ́kẹ́ẹ̀tì yóò gbà yí. Bí ẹ bá ká a sí òdìkejì, sọ́kẹ́ẹ̀tì fúnra rẹ̀ ni yóò tú u dànù bí ẹ ti ń yí i. Àwọn àgbà pulọ́mbà a máa lo òwú tí wọ́n fi ọ̀dà kùn. Òwú dára níbi tí omi kì í ti í tán nínú páìpù, nítorí omi ni ń mú un wú tí ó fi ń dí àlàfo. Níbi tí omi ti ń wá fún ọjọ́ méjì tí yóò sì lọ fún ọ̀sẹ̀ kan, òwú yóò gbẹ, yóò súnkì, oríkèé yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí jò. Ọ̀dà pupa àtijọ́ tí wọ́n fi òjé pò, ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kùn ún sí páìpù omi mímu. Májèlé ni òjé nínú ara ènìyàn, pàápàá ọmọdé. (Irin ni a ń wí o, kì í ṣe àdúgbò. Kí àwọn ará Òjé má bínú sí wa.)

Oríkèé onítírẹ́ẹ̀dì ṣeé tú, èyí sì ni iyì rẹ̀. Ìṣòro rẹ̀ ni pé ibi tí wọ́n ti gé ìlà ni irin ti fẹ́lẹ́, ibẹ̀ náà ni síǹkì ti bó kúrò, nítorí náà ibẹ̀ ni ìpẹtà ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ wo páìpù irin àtijọ́ èyíkéyìí lára ògiri ní Bẹẹrẹ tàbí ní Ọjà'ba, ẹ óò rí i pé ọrùn oríkèé ni ó kọ́kọ́ ń pọ́n. Ohun mìíràn tún wà tí ó kan àwa ará Ìbàdàn àtijọ́. Sípánà méjì ni a fi ń yí páìpù irin, ọ̀kan láti di páìpù mú, èkejì láti yí ohun tí a fẹ́ yí. Ògiri alámọ̀ tí a fi sìmẹ́ńtì rẹ́ ni ti ọ̀pọ̀ ilé wa. Bí oníṣẹ́ bá lo sípánà kan ṣoṣo, gbogbo agbára yíyí náà yóò lọ sára ìdè tí ó gbé páìpù mọ́ ògiri, yóò sì fà á tu pẹ̀lú ìrẹ́. A ti rí ilé tí àtúnṣe ẹnu ẹ̀rọ kan wó ògiri rẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin.

Nítorí èyí àti nítorí owó, páìpù rọ́bà tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ PVC ni ó gba àdúgbò kan. Gọ́ọ̀mù ni a fi ń so ó, ṣùgbọ́n orúkọ yìí ń tan ènìyàn jẹ. Gọ́ọ̀mù bàtà a máa dúró láàárín ohun méjì tí ó lẹ̀ pọ̀. Ti páìpù kò rí bẹ́ẹ̀. Ńṣe ni ó ń yọ́ ojú rọ́bà méjèèjì tí wọ́n fi ń wọ inú ara wọn, nígbà tí agbára rẹ̀ bá sì fẹ́ lọ tán, rọ́bà kan ṣoṣo ni wọ́n dà. Ìdí nìyẹn tí kò fi ṣeé tú. Ẹni tí ó bá sọ fún yín pé òun yóò fi iná yọ́ ọ kúrò, ẹ ní kí ó máa lọ.

Iṣẹ́ gọ́ọ̀mù rọrùn, ìdí sì nìyí tí ó fi ń bàjẹ́ lọ́wọ́ ènìyàn. Kí á gé páìpù kí ẹnu rẹ̀ dọ́gba, kí á fi ọ̀bẹ tàbí sáńpépà yọ ìṣẹ́kù tí ayùn fi sílẹ̀ nínú àti lóde. Kí á fi aṣọ gbígbẹ nù ún, nítorí omi àti epo ni ọ̀tá gọ́ọ̀mù. Kí á tó fi gọ́ọ̀mù sí i rárá, kí á ti i wọ sọ́kẹ́ẹ̀tì lásán kí á wò ó. Ó yẹ kí ó wọlé díẹ̀ kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí há. Bí ó bá wọlé dé ìdí láìhá rárá, gọ́ọ̀mù kò lè dí àlàfo yẹn, ẹ wá sọ́kẹ́ẹ̀tì mìíràn. Kí á fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà sí ara páìpù níbi tí yóò wọlé dé. Lẹ́yìn náà, kí á fi gọ́ọ̀mù kùn ún níta páìpù àti nínú sọ́kẹ́ẹ̀tì, kí á tì í wọlé kíákíá, kí á sì yí i díẹ̀, bí ìdá mẹ́rin ìyípo. Kí á dì í mú fún nǹkan bí 30 ìṣẹ́jú àáyá, nítorí bí a bá tètè fi í sílẹ̀ yóò ti ara rẹ̀ sẹ́yìn. Àwọn tí ọwọ́ wọn yá jù kì í dì í mú, ìlà ṣọ́ọ̀kì ni yóò tú àṣírí wọn.

Ẹ̀yìn èyí ni sùúrù. Ó dára kí oríkèé gọ́ọ̀mù sùn di ọjọ́ kejì, wákàtí 24, kí a tó jẹ́ kí agbára omi wọ inú rẹ̀. Agbo ilé Òjé tí a sọ̀rọ̀ rẹ̀ ń kánjú, wọ́n ní kí pulọ́mbà ṣí omi ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, oríkèé méjì sì bẹ̀rẹ̀ sí jò kí ilẹ̀ tó mọ́. Ẹ̀bi èyí kì í ṣe ti oníṣẹ́ nìkan. Bákan náà, gọ́ọ̀mù tí ó ti ki nínú agolo, ẹ má ṣe fi pẹtiróòlù là á. Ẹ dà á nù. Ẹ sì ṣiṣẹ́ níbi tí afẹ́fẹ́ wà, nítorí òórùn rẹ̀ kò dára fún ẹ̀dọ̀fóró, ó sì ń tètè gbiná.

Àwọn kan ń bẹ̀rù pé gọ́ọ̀mù kò lágbára. Ẹ jẹ́ kí á ṣe ìṣirò rẹ̀. Lára páìpù omi gidi, ẹ óò rí i tí wọ́n kọ PN 10 sí i. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ó lè gba ìwúwo omi tí ó ga tó nǹkan bí 100 mítà. Díẹ̀ péré nínú agbára yẹn ni táńkì tí ó wà lórí òpó mítà mẹ́rin ń lò. Gọ́ọ̀mù tí a ṣe dáadáa yóò gbé e tọwọ́ tẹsẹ̀. Ohun tí ń pa á ni ìdọ̀tí, ìkánjú, àti páìpù tí kì í ṣe páìpù omi. Páìpù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan wà tí a fi ń gbé omi ẹ̀gbin jáde láti balùwẹ̀. Ó dín ní owó, àwọn kan sì ń rà á láti fi gbé omi mímu. Kò sí oríkèé tí ó lè gbà á là. Oòrùn náà ń bá PVC jà, yóò sọ ọ́ di ohun tí ń kán bí ẹ̀ẹ́rún, nítorí náà kí á bò ó mọ́lẹ̀ tàbí kí á fi ọ̀dà kùn ún. Kò sì gba omi gbígbóná. Ẹni tí ó bá fẹ́ fi ẹ̀rọ omi gbígbóná sí balùwẹ̀, kí ó wá páìpù mìíràn.

Páìpù mìíràn náà ni PPR, èyí tí a fi iná yọ́ pọ̀. Gọ́ọ̀mù kì í mú un rárá. Ẹ̀rọ kan tí ń gbóná dé ìwọ̀n 260 ni wọ́n ń ki ẹnu páìpù àti sọ́kẹ́ẹ̀tì bọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ìṣẹ́jú àáyá 5 ni fún páìpù 20 mìlímítà, 7 fún 25, àti 8 fún 32. Lẹ́yìn náà ni wọn yóò ti wọ́n wọ inú ara wọn láìyí wọn. Nígbà tí ó bá tutù, oríkèé náà lágbára bí ara páìpù gan-an, ó sì ń gba omi gbígbóná. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ náà ń fẹ́ iná mànàmáná tí ó dúró ṣinṣin. Bí iná bá rẹ̀wẹ̀sì, bí a ti mọ̀ ọ́n ní àdúgbò wa, ojú oríkèé yóò dà bí ẹni pé ó yọ́, inú rẹ̀ kò sì tíì pọ̀. Kí á bi oníṣẹ́ bí ó bá ní jẹnẹrétọ̀ tirẹ̀. Kí á má sì jẹ́ kí ó fi àpọ̀jù iná yọ́ ọ, nítorí rọ́bà tí ó yọ́ jù yóò wú sínú, yóò sì dín ọ̀nà omi kù.

Èyí tí a fẹ́ràn jù fún ọ̀nà jíjìn nínú agbo ilé ni páìpù dúdú tí a ń ká bí okùn. A kò gbọ́dọ̀ lẹ ìyẹn náà, gọ́ọ̀mù kò ní mú un. Oríkèé rẹ̀ ní róńdò rọ́bà nínú àti nọ́ọ̀tì ńlá níta. Ọwọ́ ni a fi ń dè é, a sì lè fi sípánà fún un díẹ̀. Ó ṣeé tú, ó ṣeé tún dè. Rẹ́mú: páìpù irin máa ń gùn tó mítà 6, nítorí náà mítà 60 yóò gba páìpù 10, oríkèé 9 yóò sì wà níbẹ̀ kí á tó ka ibi tí ó ti yà. Páìpù kíká lè lọ ní mítà 60 láìní oríkèé kan láàárín. Oríkèé tí kò sí kò lè jò.

Ọ̀rọ̀ yìí ni ó gbé wa dé inú gọ́tà, ibẹ̀ sì ni ọ̀rọ̀ ti le jù. Ní Òjé, bí ó ti rí ní Bẹ́yẹrúnká àti yíká Mápó, ilé fún mọ́ ilé, gọ́tà sì ni ọ̀nà tí ó ṣí sílẹ̀ jù fún páìpù. Inú rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ pulọ́mbà ń gbé e gbà. Àwọn ènìyàn rò pé nígbà tí omi bá ń ti inú páìpù jò síta, ìdọ̀tí kò lè wọlé. Òtítọ́ ni, níwọ̀n ìgbà tí omi bá wà nínú páìpù. Ṣùgbọ́n nígbà tí táńkì bá gbẹ, tàbí tí a bá ti fáàfù, tí ẹnì kan sì ṣí ẹnu ẹ̀rọ ní ìsàlẹ̀ agbo ilé, omi tí ó kù nínú páìpù yóò máa sàn lọ sísàlẹ̀, yóò sì máa fa nǹkan tẹ̀lé ara rẹ̀. Ẹ rántí bí a ti ń fi ọ̀pá ewé ìbẹ́pẹ fa omi nígbà èwe. Bí ọ̀pá náà bá lu lójú kan, ibẹ̀ ni afẹ́fẹ́ yóò gbà wọlé. Oríkèé tí ń jò nínú gọ́tà ni ojú tí ó lu yẹn, kì í sì í ṣe afẹ́fẹ́ ni yóò fà. Omi gọ́tà ni. Àrùn onígbáméjì tí ó wọ Ìbàdàn ní ọdún 1971, nínú omi tí ìgbẹ́ kàn ni irú rẹ̀ máa ń gbà rìn, bẹ́ẹ̀ náà ni ibà jẹ̀funjẹ̀fun.

Nítorí náà, a ń bẹ̀bẹ̀ pé kí oríkèé kankan má ṣe wà nínú gọ́tà, ìbáà jẹ́ ti gọ́ọ̀mù, ìbáà jẹ́ onítírẹ́ẹ̀dì. Bí páìpù bá gbọ́dọ̀ kọjá, kí ó gba òkè gọ́tà kọjá ní odidi, nínú páìpù irin tí ó tóbi jù ú lọ, kí ọ̀kadà àti ọmọlanke má baà fọ́ ọ. Kí oríkèé wà ní bèbè ìhín àti bèbè ọ̀hún, níbi tí ojú ti lè rí i.

Ó ku fáàfù, tí í ṣe orísun ìjà wa. Gbogbo ohun tí ó ní apá tí ń yí nínú ni yóò bàjẹ́ lọ́jọ́ kan, nítorí náà a kò gbọ́dọ̀ fi gọ́ọ̀mù lẹ fáàfù sí ibi tí a kò lè gbà tú u. Ohun tí ń jẹ́ yúníọ̀nù wà. Apá méjì ni, nọ́ọ̀tì ńlá kan ni ó so wọ́n pọ̀. A lè fi gọ́ọ̀mù lẹ apá kọ̀ọ̀kan mọ́ páìpù tirẹ̀, kí nọ́ọ̀tì àárín sì jẹ́ ọ̀nà ìtúsílẹ̀. Kí ọ̀kan wà lọ́tùn-ún fáàfù, kí ọ̀kan wà lósì. Àfikún owó rẹ̀ kéré. Òun ni agbo ilé Òjé yẹra fún.

Níbi tí páìpù rọ́bà bá ti pàdé fáàfù idẹ, ẹ ṣọ́ra. Bí ẹ bá yí irin wọ inú rọ́bà, irin náà yóò ṣe bí èèkàn tí a gbá sínú igi, yóò la rọ́bà. Ó lè má ṣẹlẹ̀ lójú ẹsẹ̀, ó lè di òru ọjọ́ kẹta. Kí rọ́bà ni ó wọ inú irin, tàbí kí á ra sọ́kẹ́ẹ̀tì rọ́bà tí wọ́n ti fi idẹ tẹ́ nínú. Nípa irú fáàfù, èyí tí ọwọ́ rẹ̀ ń yí ìdá mẹ́rin ìyípo dára fún agbo ilé, nítorí pé ojú lásán a máa rí i: bí ọwọ́ bá bá páìpù lọ, ó ṣí; bí ó bá dábùú rẹ̀, ó tì. Ẹni tí kò mọ̀wé náà lè kà á. Kí ìdílé kọ̀ọ̀kan ní tirẹ̀ ní ẹnu ilé rẹ̀, kí àtúnṣe ilé kan má baà fi òùngbẹ pa ilé márùn-ún.

Kí á tó san owó ìkẹyìn fún oníṣẹ́, kí á dán iṣẹ́ wò. Ní alẹ́, kí á kún táńkì, kí á ti gbogbo ẹnu ẹ̀rọ, kí fáàfù ìdí táńkì wà ní ṣíṣí, kí á sì fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí ibi tí omi dé. Bí ilẹ̀ bá mọ́ tí omi lọ sílẹ̀, ó ń jò níbì kan. Kí á fi aṣọ gbígbẹ nu oríkèé lọ́kọ̀ọ̀kan títí a ó fi rí i. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe wí pé ìkán kan ṣoṣo ni. Ìkán kan ní ìṣẹ́jú àáyá kan jẹ́ ìkán 86,400 ní ọjọ́ kan. Bí ìkán mẹ́rin bá ṣe mìlílítà kan, ó ju lítà 21 lọ. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kún kẹ́ẹ̀gì onílítà 25 kan lójoojúmọ́, omi tí ẹ fi epo jẹnẹrétọ̀ fà wá láti inú ilẹ̀.

A ti bá ìgbìmọ̀ ẹgbẹ́ náà sọ̀rọ̀, wọ́n sì ti fi ìbéèrè mẹ́ta kún ìwé ẹ̀yáwó omi wọn. Irú páìpù wo, kí ni a ó sì fi so ó? Ibo ni yúníọ̀nù wà? Oríkèé mélòó ni ó wà nínú gọ́tà? Bí èsì ìbéèrè kẹta bá ju òdo lọ, wọn kò ní san owó jáde títí pulọ́mbà yóò fi yí ọ̀nà páìpù padà. A rọ àwọn ẹgbẹ́ yòókù láti gbé e wò ní ìpàdé wọn tí ń bọ̀, kí akọ̀wé sì fi èsì ránṣẹ́ sí wa.

Ní ti agbo ilé Òjé, ìdílé mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ni wọ́n pín owó àtúnṣe náà dọ́gba nígbẹ̀yìn. Páìpù kíká ni ó ń gba òkè gọ́tà kọjá báyìí, yúníọ̀nù méjì sì wà ní ìdí táńkì. Sípánà méjì tí wọ́n rà wà lọ́wọ́ ìyá tí a sọ̀rọ̀ wọn lẹ́ẹ̀kan, nínú àpótí tí wọ́n ń kó òfì sí. Ẹni tí ó bá fẹ́ lò wọ́n yóò wí ohun tí ó fẹ́ tú kí wọ́n tó ṣí àpótí.